Pan Wenkui, Apẹja Tí Kò Wọ Ọkọ̀ Rí

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òótọ́ pọ́nńbélé ni. Bí mo bá fi irọ́ kan há a, kí irun búrọ́ọ̀ṣì mi re tán bí irun orí mi ṣe re, kí àwọn ọmọ-ọmọ mi sì máa fi àwọn àwòrán mi dí ihò fèrèsé. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, wọ́n tilẹ̀ ti ń ṣe é.

Létí adágún Bailu tiwa, a kì í ya òkè àti omi sórí aṣọ ṣẹ́dà ká má kọ ewì sí i. Àwòrán lójú, kò lẹ́nu. Ewì lẹ́nu, kò lójú. A wá kó àwọn méjèèjì sórí aṣọ kan náà, kí odi lè fa afọ́jú lọ́wọ́, kí afọ́jú sì máa bá odi sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni mo fi gbogbo ìgbà èwe mi kọ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣíṣe é ló kù.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Pan Wenkui. Pan oníyọ̀! Pan ọmọ iyọ̀ kún àká! Òkè ńlá tí kò gun òkè rí! Afọ̀rá-pẹ́pẹ́yẹ-ra-ètè kó tó kéwì ebi!

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀mọ̀wé a máa sọ ara rẹ̀ lórúkọ tó bá wù ú, á gbẹ́ ẹ sára èdìdì, á sì fi tẹ àwòrán ní pupa. Ẹlòmíràn ní ẹyọ kan. Ti Pan kún àpótí. Ọ̀kan pè é ní Tálákà Inú Esùsú, bẹ́ẹ̀ àká iyọ̀ rẹ̀ gùn ju ọ̀nà ọjà lọ. Ọ̀kan pè é ní Àpọ́n Ìkùukùu, bẹ́ẹ̀ ìyàwó mẹ́rin ló máa ń bá a wá èdìdì náà nígbà tó bá sọ nù. Ọ̀kan tún pè é ní Apẹja Àgbà, bẹ́ẹ̀ ẹja tó mú láyé rẹ̀ kò ju èyí tó fi igi ìjẹun mú nínú àwo lọ. Bó bá tẹ èdìdì rẹ̀ sára àwòrán tán, ẹ ó rò pé èéyi ló yọ sí òkè náà lára.

Láti ìyẹ̀wù rẹ̀ dé ibi tó ti ń tọ̀, àga ni wọ́n fi ń gbé e. Omi sì ni ọ̀tá rẹ̀ pátápátá: bó bá wo ọkọ̀ lásán, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ewì rẹ̀ fi jẹ́ ti orí omi. Ohun tí ọwọ́ ẹni ò tó la fi ń kọrin. Èmi náà ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewì lórí bí mo ṣe jẹ́ olórí nínú ilé mi.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ìròyìn dé pé Aṣojú Ọba kan, Fan lorúkọ rẹ̀, ń bọ̀ wá wá ọlọ́gbọ́n tó fara pamọ́ sáàárín òkè àti omi, tí yóò fi jẹ Alábòójútó Adágún. Ọba rò ó pé ẹni tí kò fẹ́ oyè kò ní jalè lórí oyè. Èrò náà dára. Ọba ni.

Alábòójútó ló ń sọ ẹni tó lè da àwọ̀n sómi àti ẹni tí kò lè dà á. Kí fìlà oyè tó wá rárá ni Pan ti ń sọ ọ́ káàkiri pé lọ́jọ́ tí òun bá dé e, òun á fi ọgbà yí gbogbo esùsú ká, ọkọ̀ òun nìkan ni yóò sì máa pẹja níbẹ̀. Àwọn apẹja gbọ́. Ẹnu wọn gbẹ.

Gbogbo wa la mọ àṣà. Bí wọ́n bá pe ọlọ́gbọ́n tó fara pamọ́ wá sípò, kò gbọdọ̀ gbà lójú ẹsẹ̀. Alájẹkì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Á kọ̀, wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́. Á tún kọ̀, wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́. Nígbà kẹta, á wo òkè, á sunkún díẹ̀, á gba fìlà. Ṣùgbọ́n bó bá fi lè kọ̀ nígbà kẹta náà, ó parí nìyẹn. Àbùkù ni láti tún pè é.

Pan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀. Alásè rẹ̀ ló ń ṣe Aṣojú Ọba, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń ṣe fìlà. "Ẹ fi mí sílẹ̀!" Pan á ké. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà á," alásè á wí, "ẹran ń jó." Ó ku àwòrán tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ ṣáájú sí Aṣojú Ọba, kó lè gbà pé ọlọ́gbọ́n tó fara pamọ́ ni Pan. Ó bá ní kí wọ́n pè mí.

Bí mo ṣe wọlé, ó ń jẹ pẹ́pẹ́yẹ.

"Luo, ta ló mọ òkè yà jù ní ìlú yìí?"

"Ọ̀gá, Shen ni."

"Shen lóun ò ráyè. Ta ló tẹ̀ lé e?"

"Ọmọ Shen."

"Òun náà ò ráyè. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ráyè, Ọ̀gá. Mo máa ń ráyè."

Ó ní bí mo bá ṣe é dáadáa, òun á jẹ́ kí n kọ orúkọ mi sábẹ́ òkè, níbi tí ojú Aṣojú Ọba á ti tó o. Orúkọ mi kò tíì rìn kọjá ọjà ẹja rí. Bí mo ṣe gbọ́ Aṣojú Ọba báyìí, etí mi là, ọpọlọ mi sì dí.

Nítorí pé ọ̀gá mi kò lè wọ ọkọ̀, ọ̀dọ̀ Ding Agen ni mo lọ, apẹja kan tí a jọ ń gbé àdúgbò. Ó jókòó fún mi nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó wọ aṣọ koríko tí wọ́n fi ń gba òjò, ó mú ìwọ̀ lọ́wọ́, mo sì yà á. Mo ya òkè sẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó mi ní ó jọ búrẹ́dì tí kò wú. Ibi tí n kò bá mọ̀ ọ́n yà, mo fi ìkùukùu bò ó. Ìkùukùu rọrùn: kéèyàn má kàn fọwọ́ kan aṣọ níbẹ̀ rárá ni. Bí kò bá sí ìkùukùu láyé, èmi kì bá tí jẹ́ ayàwòrán.

Pan wò ó, ó tún wò ó.

"Níbo ni mo wà?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin nìyí."

"Èyí? Mo rò pé eṣinṣin ló ṣu síbẹ̀."

"Ọ̀gá, nínú àwòrán òkè àti omi, èèyàn kì í tóbi. Òkè lọba. Àlejò ni èèyàn níbẹ̀."

"Ṣé òkè ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ àbí èmi? Sọ mí di ńlá."

Mo sọ ọ́ di ńlá. Ó ní kò tó. Mo tún fi kún un. Nígbà tó fi máa tẹ́ ẹ lọ́rùn, bí apẹja yẹn bá dìde dúró, orí òkè kò ní kọjá orúnkún rẹ̀. Ọkọ̀ wá dà bíi bàtà tó wọ̀.

"Ya ìgbànú òkúta iyebíye mi sí i," ó ní.

"Ọ̀gá, apẹja wo ló ń de irú ẹ̀?"

"Yà á, kí o wá fi aṣọ koríko bò ó. Ṣùgbọ́n kí èmi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Ó tún ní kí n ya fìlà oyè kan kó rọ̀ sórí igi páìnì lẹ́yìn ọkọ̀, kí apẹja kẹ́yìn sí i. Mo yà á. Àwòrán parí. Pan yọ ewì tó kọ jáde, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè, ó kà á fún mi:

*Fìlà oyè ń bẹ lórí páìnì, mo kẹ́yìn sí i;*
*Ẹja méjì tó mi í jẹ, ìkùukùu tó mi í bora.*
*Ẹni tó bá ní kí n wá sáàfin, kó máa bá tirẹ̀ lọ;*
*Ọkọ̀ kékeré tèmi kò gba èèyàn kejì.*

"Ó dùn, Ọ̀gá," mo ní. Ẹnu alágbàṣe kì í kan. "Ṣùgbọ́n ohun tí àwòrán ti sọ ló tún sọ. Àwòrán ti ní ẹ kẹ́yìn sí fìlà. Ohun tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè yà ló yẹ kí ewì sọ: òórùn omi, igbe ẹyẹ, ohun tí apẹja ń rò nínú ara rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀kan nínú wọn ń jẹun ọ̀fẹ́ ni."

Pan rẹ́rìn-ín bí ẹni ń káàánú mi. "Luo, bí ebi bá ń pa ọ́, ṣé ẹ̀ẹ̀kan lo máa ń sọ ọ́?"

"Rárá, Ọ̀gá."

"O ò rí i? Kí àwòrán kọ̀, kí ewì náà kọ̀. Kó dá Aṣojú Ọba lójú pé n kò fẹ́."

"Ṣùgbọ́n ẹ fẹ́."

"Mo fẹ́ ẹ bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ! Gbé tàdáwà wá!"

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ewì náà sórí ìkùukùu mi, pẹ̀lú lẹ́tà tó sanra bí òun fúnra rẹ̀. Ibi tí ewì kò dé, èdìdì dé ibẹ̀. Ẹ fẹ́ bi mí nípa orúkọ mi? Mo kọ ọ́ sábẹ́ òkè lóòótọ́. Èdìdì Apẹja Àgbà jókòó lé e lórí ní pupa fòò.

Mo ń ti ilé Pan bọ̀ ni mo bá ìyàwó Agen pàdé ní èbúté. Ìyá Lan la máa ń pè é, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń la ẹja lọ.

"Bàbá Luo, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ẹ ti ya ọkọ mi di olówó."

"Ìyá Lan, iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ mú ọkọ̀ wa, ẹ mú aṣọ òjò wa, ẹ mú jíjókòó ọkọ mi, ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún Pan. Ó ku ká bọ́ awọ ara fún un. Tó bá dé fìlà tán, tó fi ọgbà yí esùsú ká, kí lẹ fẹ́ káwọn ọmọ mi máa jẹ? Àwòrán?"

"Àwòrán mi kò ṣeé jẹ," mo ní.

"Kò ṣeé wò náà."

Mo bá tèmi lọ. Obìnrin tó bá ń sọ òótọ́ tòun ti ọ̀bẹ lọ́wọ́, a kì í bá a jiyàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé n kò lè parí oúnjẹ mi. Ìyàwó mi ní ẹ̀fọ́ nìkan ni mo ṣẹ́ kù, pé èmi kì í jẹ ẹ̀fọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ tí Aṣojú Ọba máa gúnlẹ̀ pé. Gbogbo ìlú ló kún èbúté: àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ wọn, àwọn apẹja pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ, àwọn ìyàwó Pan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lábẹ́ agbòòrùn. Pan fúnra rẹ̀ jókòó sétí omi lábẹ́ igi kan, láìwọ bàtà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ilẹ̀ máa rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹrẹ̀ tó tẹ̀ náà, àwọn ìránṣẹ́ ti tẹ́ ẹní lé e lórí, wọ́n wá fi ewé bo ẹní náà. Ó ti yá ọkọ̀ Agen, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ti yá aṣọ koríko Agen, ó wọ̀ ọ́ lé aṣọ àwáárí rẹ̀ lórí. Àlùbọ́sà wà nínú apá aṣọ rẹ̀.

Aṣojú Ọba sọ̀ kalẹ̀. Bàbá tín-ín-rín kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ dà bí irun etí àgbàdo. Ó ká àwòrán mọ́ abíyá. Ẹ̀ṣọ́ kan gbé àpótí tẹ̀ lé e, ó ṣí i, fìlà dúdú náà sì jókòó sínú rẹ̀, ó na etí rẹ̀ méjèèjì sọ́tùn-ún sósì bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ìyá Lan di apá ọkọ rẹ̀ mú.

"Ìwọ ni Apẹja Àgbà?" Aṣojú Ọba bi í.

"Orúkọ asán, Olúwa mi."

"Ọba ń wá ẹni tí yóò bójú tó adágún yìí. Mo bẹ̀ ọ́, wá dé fìlà."

Pan fi apá aṣọ nu ojú. Àlùbọ́sà ṣiṣẹ́ rẹ̀. "Háà, Olúwa mi!" ó ké. "Ọmọ inú esùsú ni mí. Ẹ má fi fìlà dẹ́rù bà mí. Ẹ fi èmi àti ẹja mi méjì sílẹ̀!" Ó sọ ọ́ tán, ó fi ojú kan wo òkè, ó fi èkejì wo àpótí, ó ń dúró de ẹ̀bẹ̀ kejì.

Aṣojú Ọba mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀," ó ní. "Kí ni mo tilẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu sí? Nígbà tí àwòrán rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo rí ọkùnrin kan tó kẹ́yìn sí fìlà. Mo ní, ó ti kọ̀ fún mi nìyẹn. Mo wá ka ewì. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí àwòrán wọn ń lọ sórí òkè, tí ewì wọn ń fẹsẹ̀ palẹ̀ lọ sáàfin. Tìrẹ nìkan ni ojú àti ẹnu ti jọ sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Mo ní, ó ti kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ku kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ní báyìí, mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Àbùkù ni kí n tún pè ọ́."

Ó na ọwọ́, ó dé àpótí. Ó dún pà.

Ẹnu Pan ṣí sílẹ̀. "Olúwa mi... ẹ ò tíì bẹ̀ mí tó."

"Mo ti bẹ̀ ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni!"

"Ọkàn rẹ ni mo gbà gbọ́, n kò ka ẹ̀bẹ̀."

"Àwòrán yẹn, èmi kọ́ ni mo yà á, Luo yìí ni! Ẹ má fi ọ̀rọ̀ Luo dá mi lẹ́jọ́!"

Aṣojú Ọba yíjú sí mi. "Ìwọ lo ṣe ìkùukùu yìí? Ọwọ́ rẹ dára gan-an." Mo tẹrí ba débi pé eegun ẹ̀yìn mi ké.

"Ewì ńkọ́?" ó bi Pan. "Ṣé Luo ló kọ ìyẹn náà?"

"Ewì lásán ni, Olúwa mi! Ta ló ń ka ewì sí ọ̀rọ̀?"

Àwọn ọ̀mọ̀wé fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ọkùnrin inú ọkọ̀ yìí, ṣé ìwọ kọ́ ni?"

"Èmi kẹ̀? Agen apẹja ni!"

"Ọkọ̀ náà ńkọ́?"

"Ti Agen ni."

"Aṣọ koríko tó wà lọ́rùn rẹ?"

"Mo yá a ni, Olúwa mi, ó sì ń yún mi lára."

"Ẹja méjì tó tó ọ jẹ?"

"Egungun ẹja máa ń há mi lọ́fun! Pẹ́pẹ́yẹ ni mò ń jẹ! Ẹ bi alásè mi!"

"Pẹ́pẹ́yẹ ni, Olúwa mi," alásè ké láti ẹ̀yìn. "Láàárọ̀, lọ́sàn-án."

Pan fa aṣọ koríko ya níwájú, ìgbànú òkúta iyebíye sì tàn yanran. "Ẹ wò ó! Ẹni tó ń de èyí, ṣé apẹja ni?"

Ẹ̀rín ti ń ru bọ̀ láàárín àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n Aṣojú Ọba kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ti fi irọ́ ránṣẹ́ sí Ọba nìyẹn. Pàṣán ọparun ni òfin kọ fún un, níta gbangba. Fara balẹ̀ kí o tó dáhùn. Ta ni ọkùnrin inú àwòrán yìí?"

Pan wo àpótí. Ó wo ọparun tó wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́. Ó tún wo àpótí.

"Èmi ni," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Ìlú, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"A ò gbọ́!" Ìyá Lan ké.

"Èmi ni!" Pan bú jáde. "Èmi ni apẹja! N kò fẹ́ fìlà!"

"Ọlọ́gbọ́n!" Aṣojú Ọba tẹrí ba fún un. "A kò gbọdọ̀ dá ọ dúró sáàárín ariwo ayé mọ́. Ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́, ẹ ràn án lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ rẹ̀, kó máa lọ sílé nínú esùsú."

Agen, ọmọlúàbí, sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, kí n bá yín wà á?"

"Ó tì o," Aṣojú Ọba wí. "Ọkọ̀ rẹ̀ kò gba èèyàn kejì. Ó kọ ọ́ síbí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ìran láyé. Wọ́n gbé Apẹja Àgbà sínú ọkọ̀ bí àpò iyọ̀. Ó di àjẹ̀ mú láti orí dípò ìdí. Ọkọ̀ náà yí po, ó tún yí po, bíi ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ funfun, ó wá di àwọ̀ ewé, pẹ́pẹ́yẹ àná sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ wá wo omi.

"Ẹ kẹ́yìn sí wa, Ọ̀gá!" Ìyá Lan ń darí rẹ̀. "Ẹ kẹ́yìn sí wa bíi ti inú àwòrán! Òkè lápá ọ̀tún! Ó dáa! Ẹ ronú díẹ̀!"

"Àpọ́n Ìkùukùu!" ẹlòmíràn ké. "Àwọn ìyàwó ń kí yín!"

Ó dìde láti bú wọn. Ẹni tí kò wọ ọkọ̀ rí kì í mọ̀ pé a kì í dìde. Ọkọ̀ dojú dé, Pan ri, aṣọ koríko léfòó. Ó ń ké pé òun ti kú. Agen da àwọ̀n sómi, àwọn apẹja dì í mú, wọ́n fà á wọ́lẹ̀ wá pẹ̀lú ìgbànú, àwáárí àti ọ̀pọ̀lọ́ kan. Ibi tó ti ń kú yẹn, omi kò dé ìdodo ọmọdé.

Ọkọ̀ Aṣojú Ọba ti ń lọ nígbà náà, àpótí fìlà wà níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ oyè lórí adágún wa lọ́dún yẹn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn apẹja da àwọ̀n sínú esùsú bí wọ́n ti ń dà á tẹ́lẹ̀. Pan kò jáde nílé títí òjò fi dé. Nígbà tó sì jáde, gbogbo ọmọ tó bá rí i ló ń fi apá ṣe bí ẹni ń wakọ̀.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé gbogbo ẹ̀ kalẹ̀. Mo máa ń dákẹ́, mo máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì máa ń wo ọ̀ọ́kán, kí wọ́n lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo sọ, bí mo ṣe búra. Àfi ẹyọ kékeré báyìí, tí kò tó nǹkan. Aṣojú Ọba kò sọ pé ọwọ́ mi dára. Ohun tó bi mí ni bóyá mo ti rí òkè rí.